Ọjọ́ 11 láìfọwọ́ kan sìgá, òru ló kù tó ń bá mi jà

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Manchester. Láti 2007 ni òfin ò ti gbà kéèyàn mu sìgá nínú ilé iṣẹ́ ní England, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdalẹ̀nù, la máa ń dúró sí, tí ara á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ wà! Ní báyìí, èmi nìkan ni mò ń jókòó sínú ilé, ọwọ́ mi á ṣáà máa wá àpò. Mo ń lẹ nicotine patch (ohun àlẹ̀mára tó ń fún ara ní díẹ̀ nínú nicotine, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú) mọ́ apá, ó ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta òru le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáwọ́, kí lẹ̀ ń jẹ lẹ́nu nírú àsìkò yẹn? Ṣé orógbó lè ṣe é?