Òbí kan bínú sí orúkọ màámi tí mo fín sápá, wọ́n ní kí n máa bò ó ní kíláàsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Píráímárì Kẹta, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan dé bá mi níbi iṣẹ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ni. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ni mo kọ́kọ́ gbà kí n tó lọ gba dìgírì, mo sì ti yege ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí màámi kú, mo lọ fín oríkì wọn, Àbẹ̀kẹ́, sí apá òsì mi nísàlẹ̀ ìgúnpá, pẹ̀lú òdòdó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tóbi. Ìgbà tí mo bá nawọ́ sókè láti kọ̀wé sí pátákó ló máa ń hàn dáadáa. Ó ti wà lára mi kí n tó dé ilé ìwé yìí, wọ́n sì rí i lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.

Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi fi báírò kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí apá, ó ní òun fẹ́ dà bí Àǹtí. Inú bí bàbá rẹ̀. Ó wá sọ fún ìyá onílé ìwé pé ẹni tó fín ara kò yẹ ní ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ òun. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n máa wọ aṣọ alápá gígùn láti ìsinsìnyí lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sí ìwé kankan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá onílé ìwé fúnra wọn ní pélé, igbákejì wọn sì ní àbàjà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bo ojú wọn. Ṣé kí n bò ó ni, àbí kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ mi? Kí ni kí n sì máa sọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bá bi mí? Ìbéèrè kejì yìí ló jẹ mí lógún jù, torí wọn ò yé bi mí.

Bàbá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́:
Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú ìyá rẹ. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn.

Má fi ọ̀rọ̀ pélé gbèjà ara rẹ níwájú ìyá onílé ìwé, kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ìkókó ni wọ́n nígbà tí olóólà kọ wọ́n nílà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ. Ohun tí òbí yẹn ń bá ọ jà sí gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni fínfín, ẹ gbọ́ o. Ìyá tó bí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ní kóló lẹ́yìn. Olóólà á fi abẹ sín in wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, á wá fi dúdú ra ojú rẹ̀ kó lè hàn. Ọmọge tó bá jókòó tí kò ké títí wọ́n fi parí, àwọn èèyàn á ní ẹni tó lè fara da ìrora ìrọbí ni. Èyí tí kò bá fẹ́ abẹ á fi bùjé ya ara, ìyẹn kì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ àti tàdáwà dé, àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sí apá. Ẹ lọ sí Bódìjà tàbí Ọjà Ọba, kí ẹ wo apá àwọn ìyá àgbà tó ń tajà níbẹ̀. Ẹ ó rí Àṣàkẹ́, ẹ ó rí Àjọkẹ́, ó ti di àwọ̀ aró lára wọn. Àwa tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ bí la kún ilé ìwé nígbà náà, ìwà wa kò tìtorí ẹ̀ bàjẹ́.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ ni pé kíláàsì kì í ṣe ilé rẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ yìí ní Grade Two, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ láyé ìgbà yẹn, ni wọ́n ti ń wo èékánná wa, tí wọ́n ń wo kọ́là ẹ̀wù wa. Bí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ bá ní kí o bo apá, bò ó. Àmọ́ kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kan gbogbo olùkọ́, ọkùnrin àti obìnrin. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló kàn, ìbínú òbí kan ni, kì í ṣe òfin ilé ìwé.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Abẹ́òkúta:
Àǹtí, ẹ má bínú, èmi náà ì bá lọ fẹjọ́ sùn. Kì í ṣe pé mo kà yín sí èèyàn burúkú. Àbíkẹ́yìn mi kì í gba ohun tí mo bá sọ mọ́, ohun tí Àǹtí wọn bá sọ ló fara mọ́. Bó bá rí i lára yín, ìjà tí mo fẹ́ bá a jà nílé ti parí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé Léfítíkù 19:28 tó ní ká má fín àmì sára ni wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà, òun náà ni mo sì fi ń tọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa pàápàá kì í gba ẹni tó fín ara síṣẹ́. Ẹ bò ó, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá ti dé ilé, ara yín ni.

Agbẹjọ́rò, Èkó:
Àbúrò mi, kò sí òfin ilẹ̀ yìí tó ní kí àgbàlagbà má fín ara, kò sì sí èyí tó ní olùkọ́ tó bá fín ara kò gbọdọ̀ kọ́ni. Ọmọdé ni òfin dáàbò bò. Abala 24 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ara ọmọdé tàbí kọ ọ́ nílà. Ìtanràn rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju oṣù kan lọ, adájọ́ sì lè pa méjèèjì pọ̀. Pélé àti àbàjà tí o dárúkọ náà wà nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún. Ìyẹn ni pé ohun tí wàá sọ fún àwọn ọmọ ti wà nínú òfin: ọmọdé kì í ṣe é.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ jáde kí o kà á. Wo ohun tó sọ nípa ìmúra, kí o sì wo iye ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n fún ọ kí wọ́n tó lè ní kí o máa lọ. Nígbà tó jẹ́ pé wọ́n rí tátúù náà lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kọ lẹ́tà kúkúrú tó ní ọ̀wọ̀ sí wọn, kí o rán wọn létí rẹ̀. Má halẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ má rò pé nǹkan yàtọ̀ pátápátá lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kejì ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà QTS, ìwé àṣẹ olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wa ló ti débí, ohun tí a sì bá ni pé ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ìmúra tirẹ̀. Òfin Ìdọ́gba ti 2010 kò ka tátúù mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní yàrá tó kángun sí tèmi fín apá méjèèjì, ẹnikẹ́ni kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwé mìíràn nítòsí wa ní kí wọ́n máa bò ó.

Ní ilẹ̀ Faransé, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Sylvain Hélaine, tó fín gbogbo ara àti ojú, tó tún sọ funfun ẹyinjú rẹ̀ di dúdú. Òbí kan ní ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́ta ń lá àlá burúkú lẹ́yìn tó rí i. Ní 2020, ọ̀rọ̀ náà jáde pé wọn kò ní jẹ́ kó kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa kọ́ àwọn tó ti pé ọdún mẹ́fà sókè. Ọjọ́ orí ọmọ ni wọ́n wò. Ọmọ Píráímárì 3 tirẹ ti tó ẹni tí a lè ṣàlàyé fún, oríkì ìyá ẹni kò sì lè dẹ́rù bà á.

Àǹtí Píráímárì Kẹta:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ẹnì kan ní yàrá àwọn olùkọ́ ní kí n ra kírìmù kan tó ń bó o kúrò. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Adé, Òṣogbo:
Rárá o! Abẹ́ awọ òkè ni tàdáwà yẹn wà, kírìmù kò lè débẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ásíìdì á jó ẹran ara rẹ, wàá wá ní àpá lórí orúkọ ìyá rẹ. Iná lésà ni dókítà awọ ara fi ń yọ ọ́, wọn kì í yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè mú kí ojú ibẹ̀ funfun tàbí kó wú lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó ń rò ó láti fín tirẹ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí o rí kí wọ́n ṣí lójú rẹ. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti HIV ń gba ojú abẹ́rẹ́ àlòkù wọlé.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìlọrin:
Mùsùlùmí ni mí, Ànábì sì ṣépè fún ẹni tó ń fín ara àti ẹni tó ní kí wọ́n fín òun. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń ka ohun tí o kọ.

Tí ọmọ bá bi ọ́, má purọ́, má sì gbé ọwọ́ sápamọ́, torí ohun tí a bá fi pa mọ́ fún wọn ni wọ́n máa ń wá kiri. Sọ fún un pé, “Oríkì màmá mi nìyí. Mo ti dàgbà kí n tó ṣe é. Ọmọdé kì í ṣe é.” Kí o padà sórí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ àmúrelé: kí kálukú lọ béèrè oríkì ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ nílé, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ti ṣe é rí. Àwọn kan débẹ̀, wọn kò ní oríkì rárá. Ìyá àgbà wọn ni wọ́n pè lórí fóònù tó sọ wọ́n ní Àkànní àti Àyọ̀ká lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tó fi báírò kọ orúkọ sí apá yẹn, ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ, fún un ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Pe bàbá rẹ̀ náà, kí ó wá ka ìwé ọmọ rẹ̀.

Àǹtí Píráímárì Kẹta:
Omi bọ́ lójú mi. Màá bò ó, màá kọ lẹ́tà náà, màá sì béèrè pé kí òfin kan gbogbo wa. Iṣẹ́ àmúrelé yẹn wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá fún wọn. Ooru ìyàrá wa nìkan ló kù tí mò ń rò, kò sí fáànù.

Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn:
Má ra aṣọ tó ń tàn yinrin, yóò sè ọ́. Àdìrẹ kọ́tìnì tó fúyẹ́ ni kí o rán, kí apá rẹ̀ gba ìgúnpá kọjá dáadáa, kó má dé ọrùn ọwọ́. Kí aránṣọ rẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu apá náà, kó má baà fà sókè nígbà tí o bá nawọ́ sí pátákó.