Màmá mi fẹ́ dá rìnrìn-àjò láti Èkó gba Atlanta lọ sí Houston: báwo ni wọn yóò ṣe là á já?

Ọmọ Òkè-Àdó:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò màmá mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, òwò aṣọ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Ọjà'ba, nílùú Ìbàdàn, wọn kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Houston, físà ti jáde, a sì ti rí tíkẹ́ẹ̀tì Delta tó ń lọ tààrà láti Èkó sí Atlanta ní alẹ́, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ mìíràn láti ibẹ̀ lọ sí Houston. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn kò kọjá ti owó àti ìkíni.

Atlanta gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo gbọ́ pé kò sí pápákọ̀ òfuurufú tí èrò ń gbà kọjá tó o lágbàáyé. Ṣé ẹrù wọn yóò lọ tààrà sí Houston, àbí àwọn ni yóò gbà á? Ẹnìkan tún ní kí a béèrè fún àga oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò kán.

Alágbàtà Dùgbẹ̀:
Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò màmá. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹrù bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí wọ́n tilẹ̀ lẹ orúkọ Houston mọ́ àpótí wọn ní pápákọ̀ Èkó ní Ìkẹjà, àpótí náà kò ní dá lọ. Òfin Amẹ́ríkà ni pé ibi tí èrò bá ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ni yóò ti rí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n, ibẹ̀ náà ni yóò ti gba ẹrù rẹ̀ tí yóò sì gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí ó tó tún un fi lé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbé e lọ síbi tó ń lọ gan-an. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á padà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà jáde lọ́dọ̀ aṣọ́bodè.

Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé ọkọ̀ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ìlà ìmígíréṣọ̀n sì gùn títí ọkọ̀ Houston fi lọ, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò wá òmíràn fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ rà wọ́n, ẹ̀yin lẹ ó fi owó yín ra òmíràn.

Ní ti àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ bá mi bẹ màmá. Oríṣi mẹ́ta tó wọ́pọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pín in sí. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, tó sì lè rìn nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà jíjìn kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. WCHC ni ti ẹni tí kò lè rìn rárá. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló bá màmá mu, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ìrìn méjèèjì, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ti Èkó nìkan. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Mápó ní Georgia:
Òótọ́ ni Alágbàtà sọ. Àfikún mi ni pé ẹni tó ń ti àga yẹn kì í bá èèyàn dé òpin. Ẹnìkan lè ti màmá láti ẹnu ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ níbi ìjókòó kan, kí ẹlòmíràn sì wá gbé wọn lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ibi ìdúró yẹn gan-an ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń bẹ̀rù, tí yóò dìde, tí yóò sì máa tẹ̀lé èrò lọ. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá fi àwọn jókòó, kí wọ́n má ṣe kúrò níbẹ̀.

Ẹ tẹ ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó wà lọ́rùn wọn tàbí nínú báàgì ọwọ́: orúkọ wọn, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, pé Houston ni wọ́n ń lọ, pé Yorùbá ni èdè wọn, pé wọ́n ní ẹrù láti gbà ní Atlanta, àti nọ́ńbà fóònù àbúrò yín. Èmi gbà pé ìwé yìí wúlò ju fóònù lọ, nítorí bátìrì kì í tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n lè fi WhatsApp pè yín.

Nípa pápákọ̀ náà, kò lọ́jú pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Lẹ́tà ni wọ́n fi pe àwọn apá rẹ̀: T ló ṣáájú, lẹ́yìn náà A, B, C, D, E, F, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láàárín wọn. E àti F ni ti àwọn ọkọ̀ òkè òkun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àpótí sílẹ̀, wọn yóò tún gba ibi àyẹ̀wò ara àti báàgì kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà kí wọ́n má ra omi sọ́wọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Kí wọ́n sì má gbára lé nọ́ńbà géètì tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́ọ̀dìn pásì ní Èkó, torí géètì a máa yí padà. Ara ògiri, lórí ojú ẹ̀rọ, ni ti tòótọ́ wà.

Bàbá Bódìjà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó, ẹ kò sọ̀rọ̀ ẹnu. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n yóò bi màmá ní ohun tí wọ́n wá ṣe, ilé ẹni tí wọn yóò dé sí àti bí wọn yóò ṣe pẹ́ tó. Kí wọ́n sọ pé wọ́n wá wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, nítorí òótọ́ ni, kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ kún un. Bí wọn kò bá gbọ́ ìbéèrè, kí wọ́n pe orúkọ èdè wọn, kí wọ́n béèrè ògbufọ̀, dípò kí wọ́n máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí kò yé wọn. Ẹ tún rántí pé ọjọ́ tí físà yóò kú kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà. Òṣìṣẹ́ yẹn ló ń fún èèyàn ní iye ìgbà tí yóò lò, àbúrò yín sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àkọsílẹ̀ ìwọlé tí wọ́n ń pè ní I-94.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ WCHR yẹn sí màmá létí, wọ́n ní bí kò bá ti jẹ́ ti arọ, àwọn yóò jókòó sí i. Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọ́n ti di èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti ìgò àgbo kan fún ọmọ tuntun. Ṣé ojú ọ̀nà ni kí a gbà lọ sí Ìkẹjà, àbí rélùwéè?

Alágbàtà Dùgbẹ̀:
Ẹ yọ pọ̀nmọ́ kúrò, àti ẹran gbígbẹ bí ó bá wà níbẹ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ fi èlùbọ́ àti ẹja sínú àpótí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé oúnjẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n lè fi han aṣọ́bodè. Ẹni tó bá sọ pé òun kó oúnjẹ, ohun tó burú jù ni kí wọ́n gba èyí tí kò tọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè san ìtanràn 300 dọ́là. Àgbo kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́, nítorí ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í kọjá. Èmi ì bá sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ nílé pátápátá. Oògùn tiwọn, kí ó wà nínú páálí tí wọ́n tà á, nínú báàgì ọwọ́.

Rélùwéè dára bí ẹ bá rí ti òwúrọ̀ láti Mọ́níyà. Agége ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó gbé yín dé Èbúté-Mẹ́ta. Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà, ẹ kúrò nílé ní àárọ̀, nítorí ẹnìkan kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí Ìbàfò sí Berger. Ní Ìkẹjà, ẹ dúró tì wọ́n títí ẹni àga oníkẹ̀kẹ́ yóò fi dé, torí láti ibi àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà ẹ kò ní lè bá wọn wọlé mọ́. Kí àbúrò yín náà béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Houston bóyá wọ́n lè fún un níwèé láti wọlé dé ẹnu géètì pàdé wọn. Wọ́n máa ń fún ẹni tó bá wá gba àgbàlagbà, bí ó bá mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání.