Ọtí wo ló wà nínú ìpara?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo orúkọ Yorùbá tí bùọ̀dá wa kó jọ fún àwọn èròjà tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ike ìpara, àti gbogbo iyàn tó tẹ̀lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Méjì ni kò wọ̀ mí létí: "ọtí" tí wọ́n ní kí a máa kọ níbikíbi tí alcohol bá ti wà lára ike, àti "oògùn apakòkòrò" tí wọ́n fi pe ohun tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. N kì í ṣe onímọ̀ èdè. Ọṣẹ àti ìpara ni mo ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí, ẹnu àwọn oníbàárà ni mo sì ti ń mọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé tà àti èyí tí kò ṣeé tà.

Lọ́jọ́ ọjà Agbalata tó kọjá, Àlhájà kan tó ti ń ra ìpara lọ́wọ́ mi tipẹ́ gbé ike kan padà wá. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ọmọ òun tó wà ní yunifásítì ka ẹ̀yìn ike fún òun, ó rí "cetearyl alcohol", ó sì ní, "Màmá, ọtí wà nínú ẹ̀ o." Àlhájà ní ìpara yẹn lòun ń fi para kí òun tó lọ kírun, kí lòun fẹ́ wí fún Ọlọ́run?

N kò bá a jiyàn. Mo wọlé lọ bu nǹkan náà nínú àpò, mo dà á sí i látẹ́lẹwọ́. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ funfun ni, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ há ara àbẹ́là. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀. Mo bu díẹ̀ sínú ife omi gbígbóná, ó yọ́, ó léfòó bí òróró. Nígbà tí omi náà tutù, ó dì sójú omi bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ ẹran àná. Àlhájà wò ó, ó wò mí. "Ọtí wo ló ń dì báyìí?"

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé orúkọ ìdílé ni alcohol lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá to bí tiwọn ṣe to, ọmọ ilé náà ni, ì báà ṣàn, ì báà le bí òkúta. Èyí tó ń pani nínú ògógóró jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọ. Gílísírìn tí gbogbo wa ń fi pa ẹsẹ̀ lọ́yẹ́, ọmọ ilé kan náà ni, kò kàn kọ orúkọ ìdílé sára ike ni. Bí òfin yín bá fẹ́ dúró, a jẹ́ pé ẹ ó pe gílísírìn náà ní ọtí. Ẹ kò ní ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé ló mọ ìbọn yìn.

Èyí tó tọ́ kí ẹ pè ní ọtí ni "alcohol denat." Ọtí gidi nìyẹn, tí wọ́n da nǹkan kíkorò tàbí olóró sí kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún, ó sì wọ́pọ̀ nínú lọ́fínńdà àti nínú omi ìnujú. Ẹ kọ "ọtí" síbẹ̀, kí Àlhájà lè fúnra rẹ̀ pinnu.

Àbúrò wa tó ní kí á túmọ̀ cetyl, ọ̀kan nínú méjì tí wọ́n pò di cetearyl alcohol yẹn, láti gbòǹgbò rẹ̀, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n ṣé o ti tọpa gbòǹgbò náà débi tó dé? Ẹja àbùùbùtán ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọmọ Faransé kan, Chevreul, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́dún 1817 láti inú ọ̀rá tí wọ́n ń rí lórí àbùùbùtán, orúkọ ẹja náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, inú epo pupa, àdí àti àgbọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jù. Bí a bá túmọ̀ gbòǹgbò ní tòótọ́, "ọtí àbùùbùtán" ni a ó máa kọ fún ohun tí kì í ṣe ọtí, tí kò sì rí ẹja sójú.

Ìlànà tèmi ni pé kí a fi iṣẹ́ nǹkan sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo "alárinà" tí àǹtí wa ará Ẹ̀pẹ́ mú wá fún ohun tó ń pa omi pọ̀ mọ́ epo. Nígbà tí mo kà á, ijó ló kù kí n jó. Ọ̀rẹ́ ò wọ̀ láàárín omi àti epo; ẹnìkan ní láti di ọwọ́ ti èyí mú, kó di ti ìkejì mú, bí àwọn alárinà ayé àtijọ́ ti í ṣe láàárín ilé méjì. Kò sí oníbàárà tí n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní yé.

Fún gílísírìn, mo fẹ́ kí a gba "apọnmi". Omi ló ń pọn wá sára awọ. Nígbà òjò, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń pọn ọ́n. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kò rí odò, ó wá kọjú sí ìkòkò omi ilé tìrẹ, ìyẹn omi tó wà nísàlẹ̀ awọ rẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá para ní gílísírìn lásán lọ́yẹ́ fi ń rí i pé ara òun tún ń fà. Kí ó bu omi díẹ̀ sí i, kí ó sì fi òrí bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣe àlàyé tán.

"Oògùn apakòkòrò" ńkọ́? Ní Agbalata, bí o bá bèèrè oògùn apakòkòrò, ohun tí wọ́n ń fọ́n sí ìdun ni wọ́n ó tà fún ọ. Tani yóò fi ìyẹn para? "Amúpẹ́" ni mo dábàá. Ojú mi sì ti rí nǹkan lórí èyí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà ní àwọn kò fẹ́ kẹ́míkà, mo bá po ìpara olómi láìfi nǹkankan sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èébu dúdú fi hù lójú rẹ̀, wínníwínní bí ojú búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ọgbọ̀n ike ni mo dà nù, ẹ̀bi mi sì ni. Àdí tàbí òrí tí kò sí omi nínú rẹ̀ kò nílò amúpẹ́. Kí omi ṣá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ di méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àǹfààní kan tó wà lára amúpẹ́ tí wọ́n ń pè ní phenoxyethanol, nítorí ó ń fi ẹ̀tàn hàn. Lẹ́yìn ike, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, títí dé orí àwọn tí kò tó ìdá 1 nínú 100, tí wọ́n lè tò bó ṣe wù wọ́n. Òfin Yúróòpù kò sì gbà kí phenoxyethanol ju ìdá 1 nínú 100 yẹn lọ. Nítorí náà, ohun tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ju bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí ike tí wọ́n ya odindi igi àgbọn síwájú rẹ̀, tí "Cocos Nucifera Oil" sì wà lẹ́yìn phenoxyethanol, igi tí wọ́n yà yẹn ju àgbọn inú rẹ̀ lọ.

Bàbá wa tó ní "àdí àgbọn" kò tọ̀nà, pé ekùrọ́ nìkan ló ní àdí: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo bí a ti ń ṣe é níbí. A ó rin àgbọn, a ó fún wàrà rẹ̀, a ó fi sílẹ̀ mọ́júmọ́, a ó ré èyí tó dì sókè, a ó gbé e kaná, a ó máa dín in títí òróró yóò fi yọ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n. Dídín ni. Àwọn tó ń kọ ọ́ ní "àdín" ní ara "dín" ló ti ṣẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àgbọn kò ní pín nínú orúkọ? Bó bá sì jẹ́ ti èèwọ̀ Èṣù lẹ̀ ń rò, ti ekùrọ́ ni n kò ní gbé dé iwájú rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí n kò ti fẹ́ kí a dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rárá ni orúkọ májèlé. Ẹnìkan dábàá "omi fàdákà" fún mẹ́kúrì, ó ní àwọn Gíríìkì náà pè é bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì dùn lẹ́nu, ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́la ni ẹnìkan yóò fi ṣe orúkọ ọṣẹ abóra. Mẹ́kúrì tí Àdéhùn Minamata ti 2013, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí mẹ́kúrì, dojú kọ nínú ìpara, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, kí orúkọ rẹ̀ máa jẹ́ bó ṣe wà lára páálí, pẹ̀lú àwọn orúkọ mìíràn tó ń sá pamọ́ sí: calomel, cinnabaris, mercuric iodide. Ojú oníbàárà ló gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Haidirokuínóònù tí wọ́n fi ń bóra náà ńkọ́? Bákan náà.

Ó ku cetearyl alcohol fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń mú ìpara ki, ó sì ń jọ ìda. Mo ti fọkàn sí "ìda ìpara", inú mi sì dùn sí i, títí Àlhájà fi gbé ike rẹ̀ tó ku ìdajì padà sínú báàgì tó ní, "Bí ìyàwó kejì bá bi mí, kí ni kí n pè é?"

Mo ní, "Ìda ìpara ni, mà."

Ó dúró. "Ìda? Ṣé oyin wà nínú ẹ̀ ni?"