Níbo ni kọ́ńpìnnì kékeré ti lè rí owó ìwádìí ìjọba gbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì la ń ṣe iná sólà tó ń ṣọ́ oko kajú, tí èèyàn bá ti súnmọ́ ọn lóru iná á tàn gbòò, á sì pe fóònù olóko. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ nígbà ọyẹ́ eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì á ti kú kílẹ̀ tó mọ́, lóru ọjọ́ kan ó pe bàbá olóko lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sáré débẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òkété ni. Àyẹ̀wò gidi ló kù, owó ẹ̀ ni ò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà sọ fún mi nípa SBIR ètò tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ ní 1982 láti fi fún kọ́ńpìnnì kéékèèké lówó ìwádìí, ti iná àti ti ààbò wà níbẹ̀, mo kà á títí, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìwádìí ti gbọ́dọ̀ wáyé. Mo yíjú sí owó ìwádìí TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ran ilé ìwé gíga lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ ilé ìwé gíga ni wọ́n ń fún. Mo lọ sí báǹkì, wọ́n ní kí n fi ilé tàbí ilẹ̀ dúró fún ẹ̀yáwó, mi ò ní ìkankan. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì mi lọ́dọ̀ CAC wà nílẹ̀ o.

Ẹni tó ti gbà á rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka ìjọba wo ní Nàìjíríà ló ń fún kọ́ńpìnnì kékeré lówó àyẹ̀wò irú èyí, tí kì í ṣe ẹ̀yáwó? Àbí àfi kí n wá olùkọ́ yunifásítì LAUTECH kan mọ́ra, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa ni iṣẹ́ náà?