Ẹgbẹ́ oníṣòwò láàrin UK àti Ògbómọ̀ṣọ́: kí ni ká ṣe lóṣù 12, kí ni ká kà?

Ọmọ Ajílété, Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi dá lórí ẹgbẹ́ oníṣòwò orílẹ̀-èdè méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní chamber. Àwa bíi mélòó kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀yọ́, fẹ́ dá ọ̀kan sílẹ̀ láàrin UK níbí àti àwọn oníṣòwò nílé: oníkajú, àwọn tó ń hun aṣọ òfì, àwọn tó ń fín igbá, àwọn tó ń ṣe gàrí àti èlùbọ́. Oṣù 12 la fún ara wa. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Tí ọdún bá sì yípo, kí ni ká wò ká tó lè sọ pé ẹgbẹ́ dàgbà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Akọ̀wé Àgbà, London

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, torí náà orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní UK, kò sẹ́ni tó kàn lè fi "Chamber of Commerce" sórúkọ ilé-iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Òfin 1999 kan ló so ó mọ́lẹ̀: ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu British Chambers of Commerce tàbí ti Scotland. "British" náà ń gba ìyọ̀ǹda tirẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á ti tẹ báńà, wọ́n á ti ra ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, kí Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní UK, tó wá dá fọ́ọ̀mù padà. Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró, ẹ fi "Business Network" tàbí "Trade Forum" bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà wá tọrọ orúkọ ńlá nígbà tí ẹ bá ti ní iṣẹ́ ọdún méjì tí ẹ lè fi hàn.

Irú ilé-iṣẹ́ tó bá a mu ni company limited by guarantee. Kò ní ìpín, kò sẹ́ni tó ń pín èrè. Ọmọ ẹgbẹ́ kàn ṣèlérí iye kékeré, £1 ló wọ́pọ̀, bí ẹgbẹ́ bá tú ká. Láti 18 November 2025, olùdarí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fìdí ara rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ Companies House, torí náà ẹ má kọ orúkọ àgbààgbà tí kò ní ráyè ṣe é. Oṣù 21 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni ìṣirò owó àkọ́kọ́ yóò ti wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù 9 lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí. Bó bá pẹ́ ní ọjọ́ kan péré, £150 ni ìtanràn. Bó bá tún pẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Nílé ńkọ́? CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, sọ ohun tó jọ ọ́: company limited by guarantee nìkan ló lè jẹ́ "Chamber of Commerce", Attorney-General àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, iye tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì ṣèlérí láti san lápapọ̀ bí ẹgbẹ́ bá tú ká kò gbọdọ̀ dín ní ₦100,000. Ẹni tó bá ní òun á bá yín fi incorporated trustees, irú ìforúkọsílẹ̀ tí àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ń lò, gba orúkọ yẹn ń tàn yín ni. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ wá ẹgbẹ́ oníṣòwò tó ti wà nílẹ̀ nílé, ẹ bá a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ojú ewé méjì. Kí ìwé náà sọ ẹni tó ń gba owó ọmọ ẹgbẹ́ wo, ẹni tó ń dáhùn ímeèlì àti láàrin ọjọ́ mélòó, àti ẹni tó ni àkójọ orúkọ bí àdéhùn bá parí. Ọ̀rọ̀ àkójọ orúkọ yẹn ló ń dájà sílẹ̀ jù.

Akápò, Leeds

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Owó ni tèmi, torí ibẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ báyìí ti ń kú lọ́dún kejì.

Ẹ má fi iye ẹni tó wọlé yangàn. Iye ẹni tó san owó lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ wò. Ká ní ènìyàn 40 wọlé ní £120: £4,800 nìyẹn. Bí 24 péré bá tún san, ẹ gbọ́dọ̀ wá ènìyàn 16 tuntun kí ẹ tó lè dúró lójú kan. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹni tó dákẹ́ lóṣù kẹrin ni kí akọ̀wé pè, kó má dúró di oṣù kọkànlá. Nígbà tí ọjọ́ tí owó tuntun yóò di sísan bá ń sún mọ́lé, ẹ kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 60, ọjọ́ 30 àti ọjọ́ 7 ṣáájú, kí lẹ́tà náà sọ ohun tí òun gan-an rí gbà: àwọn wo la fi í hàn, ìpàdé wo ló wá, ìbéèrè wo la bá a dáhùn. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kọ síbẹ̀, ẹ gbé fóònù.

Ọjọ́ kan náà ni kí owó gbogbo ènìyàn máa di sísan. Bí ọdún ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní 1 April, ẹni tó wọlé ní 1 October á san £60. Akápò tó ń lé 40 ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní lé e dé òpin ọdún.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílé, náírà ni kí wọ́n san, sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ ti ilé. Bí ẹ bá so ó mọ́ pọ́n-ùn, gbogbo ìgbà tí náírà bá já wálẹ̀ ló máa dà bíi pé ẹ fowó lé e. Lọ́dọ̀ wa níbí, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ san fún ẹgbẹ́ ara wọn kì í sábà wọnú èrè tí HMRC, àjọ owó-orí UK, ń gba corporation tax (owó-orí ilé-iṣẹ́) lé lórí, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ tà fún àlejò àti èlé báǹkì ń wọ̀ ọ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí owó tó bá ń jáde. Ẹ má sì gba kọ́bọ̀ kan sínú àkáǹtì ara ẹni, bí báǹkì tilẹ̀ ń falẹ̀ láti ṣí ti ẹgbẹ́.

Oníkajú, Birmingham

Kajú ni Ògbómọ̀ṣọ́ fi ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí irú ẹgbẹ́ báyìí ń ṣe ni láti wá ẹni tó máa ra kajú eléèpo ní UK. India àti Vietnam ni kajú eléèpo ń lọ, torí ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń la á wà. Oníbàárà UK, ọmọ inú rẹ̀ tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti bó, ló ń rà. Torí náà àwọn tó ń la kajú nílé ni kí ẹ kó jọ, kì í ṣe ẹni tó ní oko nìkan.

Ṣùgbọ́n láti oko ni ọmọ kajú ti ń dára tàbí bàjẹ́. Láti February dé May ni ìkórè. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà, kí wọ́n yọ ọ́ lára èso lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sá a sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí omi inú rẹ̀ á fi wá sí nǹkan bí 8%. Bó bá ju 10% lọ, á bu nínú àpò. Àpò ìdọ̀họ ni kí wọ́n lò. Àpò ọ̀rá kì í jẹ́ kó mí, ooru á mú un, ọmọ inú rẹ̀ á sì dúdú.

Báyìí la ṣe ń dán an wò. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti òkè, àárín àti ìdí àpò oríṣiríṣi títí á fi pé kílò 1. Ẹ la gbogbo rẹ̀. Ẹ wọn ọmọ tó dára pẹ̀lú awọ pupa rẹ̀, ẹ fi ìdajì ìwọ̀n èyí tó ní àbàwọ́n kún un, kí ẹ wá fi 0.1764 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èyí tó dára bá jẹ́ gíráàmù 250, tí alábàwọ́n sì jẹ́ 30, àpapọ̀ di 265, ìdáhùn sì jẹ́ 46.7. Ìyẹn ni iye lb (ìwọ̀n pọ́n-ùn) ọmọ kajú tó wà nínú àpò kílò 80, òun ni wọ́n ń pè ní KOR. Ẹni tó bá dá iye lé kajú láìla kílò kan ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò tó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ sára ògiri. Kajú eléèpo tọ́ọ̀nù 4 àtààbọ̀ sí 5 ló ń mú tọ́ọ̀nù 1 ọmọ kajú jáde. Páálí 700 ló ń wọ kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ 20, páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22.68 kílò, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 16. Kọ̀ntéínà kan ṣoṣo fẹ́ kajú eléèpo tó tọ́ọ̀nù 70 sí 80! Ẹni tó ń la àpò mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kò lè dá a kún láé. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè ṣe tí ẹnìkan kò lè dá ṣe nìyí: kí ó kó àwọn tó ń la kajú, bíi mẹ́fà, méje, jọ sábẹ́ òṣùwọ̀n kan. Kí wọ́n fẹnu kò sórí W320, tó jẹ́ ọmọ 300 sí 320 nínú lb kan. Kí omi inú rẹ̀ má ju 5% lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ alábòójútó tó ń ṣí páálí gbogbo wọn wò. Bí ọ̀kan bá da àfọ́ mọ́ odidi, gbogbo ẹrù ni oníbàárà á dá iye rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò kó tó wọkọ̀. Fún ọmọ kajú tí wọ́n máa jẹ bẹ́ẹ̀, aflatoxin B1 (oró inú ohun tó bu) kò gbọdọ̀ ju 2 µg/kg lọ, gbogbo aflatoxin pọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ. Ẹ fi òǹtẹ̀ lẹ àpẹẹrẹ ẹrù méjì, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan kó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ló máa parí rẹ̀.

Ẹlẹ́rù, Tilbury

Oníkajú ti sọ ohun tó ṣòro. Ìwé ni tèmi, ó sì ń tẹ̀ léra: kí ẹni tó ń ta ní ìwé-ẹ̀rí NEPC (àjọ ìjọba fún ọjà tó ń lọ òkèèrè), kó mú proforma (ínfọ́ìsì ìṣáájú) lọ sí báǹkì rẹ̀, kí báǹkì ṣí Form NXP, fọ́ọ̀mù ẹrù tó ń lọ òkèèrè, kí aṣàyẹ̀wò wá wo ẹrù, kí ẹni tó ń ta san NESS, owó àbójútó ẹrù, tó jẹ́ 0.5% iye FOB (iye ẹrù nígbà tó bá wọkọ̀). Kó gba CCI, ìwé-ẹ̀rí pé àyẹ̀wò ẹrù yọrí. Kí NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, fún un ní ìwé-ẹ̀rí phytosanitary, pé kòkòrò àti àrùn kò sí nínú ẹrù. Lẹ́yìn náà ni aṣọ́bodè. Oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe, tí wọ́n ti dì, ń gba NAFDAC pẹ̀lú. Owó ẹrù gbọ́dọ̀ padà wọ báǹkì nílé láàrin ọjọ́ 180.

Ibi tó máa ń wọ́: ìwọ̀n inú NXP kò bá ti bill of lading (ìwé ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń fúnni) mu, tàbí orúkọ tó wà lórí ínfọ́ìsì yàtọ̀ sí ti ẹni tó san owó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ka gbogbo ìwé pọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Gàrí àti èlùbọ́: ẹ lẹ orúkọ ọjà, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n, déètì, àti orúkọ òun àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọ UK mọ́ ọn, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wà ńkọ́? EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà láti 2015, nígbà tí UK ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n ń dà sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nílé pé kajú àti gàrí kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá tí oògùn yẹn bá wà.

Ọmọ Aláàfin, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Èmi wà nílé níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe kó àlejò wá. March dára jù, torí kajú ń bọ̀ láti oko, ojú àlejò á rí iṣẹ́. Ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ọ̀sì kan kò gbà wọ́n mọ́, ìdajì á sì máa dúró de ìdajì. Bí ẹ bá ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìlọrin ló sún mọ́ ọn jù. Láti Èkó lórí ilẹ̀, odindi ọjọ́ kan lẹ máa fi ṣòfò.

Ibi mẹ́ta lóòjọ́ tó. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kó ní dísẹ̀lì nílẹ̀, torí bí iná kò bá sí, ẹ̀rọ tó dákẹ́ ni àlejò máa yà fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí Ṣọ̀ún tàbí Aláàfin, ẹ kọ̀wé sáàfin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi há àárín ìpàdé méjì. A kì í kánjú níwájú ọba.

Igbá fínfín ti Ọ̀yọ́ níbí rọrùn láti kó lọ bó bá gbẹ dáadáa tí kòkòrò kò sì lu ú. Dùndún yàtọ̀: awọ ewúrẹ́ orí rẹ̀ máa ń fa ìbéèrè ní ibodè, ẹ béèrè kí ẹ tó kó o.

Akọ̀wé Àgbà, London

Ohun méjì tí mo gbàgbé. Ìkíní, lẹ́tà ìpè fún físà. Ẹni tó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún oṣù 12, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà), nìkan ni kí ẹ kọ ọ́ fún. Kí lẹ́tà sọ ọjọ́, ibi, ohun tó wá ṣe àti ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí pé á padà sílé. Ẹ kò lè dúró fún ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí lẹ́tà ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sá, àwọn oníṣòwò gidi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa jìyà.

Ìkejì, Bribery Act 2010. Òfin UK yìí ń tẹ̀lé yín dé Nàìjíríà. "Ẹ fún wọn ní nǹkan kí ìwé lè yá" jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ọmọ Ajílété, Manchester

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. Ó ku ìkan: ìwé wo ni ká fi máa ka ìdàgbàsókè náà?

Akápò, Leeds

Ojú ewé kan, àlà mẹ́fà: ẹni tí a fi han ẹnìkejì, déètì, ọjà àti iye rẹ̀, ibi tó dé (àpẹẹrẹ ti lọ, a ti fẹnu kò lórí iye, NXP ti ṣí, ẹrù ti wọkọ̀), nọ́ńbà ínfọ́ìsì, ọjọ́ tí owó wọ báǹkì. Ẹ máa ka àlà tó kẹ́yìn yẹn ní ìpàdé oṣooṣù. Èyí tí kò bá ní déètì níbẹ̀, ẹ má tíì kà á mọ́ iṣẹ́ ọdún.