Ṣé àṣá lè bá wa dín ikún kù lóko ẹ̀pà?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gbin ẹ̀pà sí ẹ̀yìn ìlú Ṣakí, ikún sì ń hú irúgbìn jẹ kí ó tó hù. Bí mo bá dé oko láàárọ̀, ihò kéékèèké ni mo ń bá lórí ebè. Àṣá máa ń pọ̀ lójú ọ̀run wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èwo ló lágbára jù nínú àwọn méjèèjì, ṣé kí n sì dá igi irú tó wà láàárín oko sí kí àṣá lè máa bà lé e?

Bàbá Ọdẹ: Ọmọ mi, oko á dára o. Má gbẹ́kẹ̀ lé àṣá. Bí ó bá na apá lókè, wàá rò pé ẹyẹ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ló pọ̀ lára rẹ̀ ju ẹran lọ. Òun àti àgbà ikún, kò sí èyí tí ó sábà wúwo tó kílò kan. Òròmọdìẹ, alángbá àti òkú ẹran ni agbára rẹ̀ ká. Wò ó nígbà tí a bá ń sun igbó: etí èéfín ni yóò ti máa rà bàbà, yóò fi ẹsẹ̀ já tata, yóò sì tẹ orí ba jẹ ẹ́ lófuurufú láìbalẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀pà, púpọ̀ nínú wọn ti kọjá sí ìhà àríwá. Ẹni tí kò sí nílé ni o fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Òótọ́ ni bàbá sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ojú kún un, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn ti wù mí jù. Ojú àṣá kọ iwájú ju ti ikún lọ, èyí sì ń jẹ́ kí ó mọ bí ohun tí ó fẹ́ já ṣe jìnnà tó. Ti ikún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì ga, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti dorí kodò tí ó ń hú ẹ̀pà, ó ṣì ń rí ohun tí ó ń bọ̀ láti òkè. Kí àṣá tó balẹ̀, ikún ti wọ ihò. Ọmọ ikún tí kò tíì gbọ́n ló lè kó sí i lọ́wọ́. Àgbà ikún, àfi idì ńlá ilẹ̀ ọ̀dàn. Nítorí náà, bí o bá dá igi náà sí, kí ó jẹ́ nítorí irú idì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí àṣá.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Àbúrò mi, ro etí oko rẹ mọ́, nítorí inú koríko ni ikún ń fara pamọ́ sí. Láti ọjọ́ tí a bá ti gbin ẹ̀pà títí yóò fi hù, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojúmọmọ ni kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ikún kì í jẹ̀ lóru.