Oore Tí Kò Sí Lára Owó Yàrá

Ìyá Ìyàwó, Èkó:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí mo fa ọmọbìnrin mi fọ́kọ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi bí yàrá ṣe fẹ̀ tó díwọ̀n ilé ìtura mọ́.

Èkó la ti gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé aago 10 alẹ́ ti kọjá kí a tó dé ilé ìtura tí a gbà sí ní agbègbè Mọ́kọ́lá. Ní aago 5 ìdájí, obìnrin tí yóò bá wa we gèlè, tí a ti sanwó fún ṣáájú, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ara ọmọ òun kò yá, òun kò ní lè wá. Àwa 6 la fẹ́ we gèlè, ṣẹ́gò sì ni, irú èyí tó le bíi bébà, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ṣẹ́ ẹ síbi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ kò ní parẹ́ mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, mo bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó lè gbà wá. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì mú obìnrin kan jáde, ọ̀kan lára àwọn tó ń fọṣọ fún wọn, ẹni tó ti parí iṣẹ́ òru, tó sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká láti máa relé.

Obìnrin náà kò bèèrè iye tí a óò san. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún títí ó fi gbẹ, ó ní òógùn àtẹ́lẹwọ́ máa ń pa dídán ṣẹ́gò. Kò jẹ́ kí n jókòó síwájú dígí. Ojú fèrèsé ló gbé àga sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti ń wọlé. Ó kọ́kọ́ fi ìborùn kékeré kan di irun mi ṣinṣin kí gèlè má bàa yọ̀, ó fi ètè há píìnì mẹ́ta, ó ń ṣẹ́ etí gèlè léra wọn bí abẹ̀bẹ̀, ó sì ń gba àárín píìnì náà sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ bá mi di ibí mú, mà, ẹ má jẹ́ kó sá." Orí 6 ló we kí aago 8 tó lù. Nígbà tí mo nawọ́ owó sí i, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun fi ná ìyàwó nígbà tó bá ń jó.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹni tó ń fọṣọ ní. Ilé ìtura mélòó ni ẹni tó jókòó níwájú ti mọ̀ ju orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn lọ?

Alhaji, Ìlọrin:

Ìyá Ìyàwó, ẹ kú oríire, Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí ilé ọmọ náà tòrò. Tèmi kò gùn. Inú oṣù Ràmàdáánì ni iṣẹ́ gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ń gbààwẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi wọ́n ni bóyá ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí tó máa ń ṣí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní kò sí, mo sì ti gbà pé omi àti bisikíìtì ni n óò fi ṣe sààrì. Ní aago 4, mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mégáàdì ni, ó gbé ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata sórí tíréè, pẹ̀lú omi gbígbóná nínú fíláàsì àti dàbínù mẹ́ta. "Alhaji, ẹ dìde, ẹ jẹ sààrì." Alásè wọn, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ló ti sè é sílẹ̀ kó tó lọ sùn, mégáàdì ló gbé e kaná.

Ọbẹ̀ náà ta, mo sì fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú àwo láìsọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ kejì, ata rẹ̀ ti dínkù, wọ́n sì ti fi ẹyin sísè kún un. Ẹnì kan ti wo àwo tí mo jẹ kù.

Òṣìṣẹ́ ilé ìtura tẹ́lẹ̀, Èkó:

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì, nítorí ọdún 9 ni mo fi gba àlejò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, ọ̀rọ̀ Ritz-Carlton, ilé ìtura olówó ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri ayé, kì í kúrò lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa, pé òṣìṣẹ́ wọn èyíkéyìí láṣẹ láti ná tó 2,000 dọ́là lórí àlejò kan láìkọ́kọ́ bi máníjà. Ní 2012, ọmọ kékeré kan gbàgbé bèbí ìṣeré rẹ̀ tó rí bí àgùnfọn sí ilé ìtura wọn tó wà ní Amelia Island, ní Florida. Bàbá rẹ̀ ti parọ́ fún un pé àgùnfọn náà ń gbádùn ìsinmi rẹ̀ lọ ni, ó sì sọ irọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ya àgùnfọn ní àwòrán létí odò ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n yà á níbi tí wọ́n ti fi kùkúńbà bò ó lójú, wọ́n sì fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tèmi, 2,000 dọ́là kọ́ ló ṣe é. Wọ́n fetí sí bàbá ọmọ ni.

Àwa náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, a sì ṣe é kù. Mo rí i nínú fọ́ọ̀mù tí ọkùnrin kan kọ pé ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. A ra kéèkì, àwa mẹ́rin gun òkè lọ, a ń pàtẹ́wọ́, a ń kọrin. Ó ṣílẹ̀kùn, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ ló wá sin. Kò sẹ́ni tó bi í nínú wa pé kí ló gbé e wá. Orin gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Mo gbé kéèkì padà sí ilé ìdáná, mo sì padà lọ ní èmi nìkan, mo bẹ̀ ẹ́, mo bèèrè ohun tí a lè ṣe fún un. Ó nawọ́ sí àgbádá funfun kan tó ti rún nínú àpótí. Àwọn tó ń fọṣọ ti lọ sílé, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná lọ kí n tó parí apá kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti fi kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó fọwọ́ sí ìwé owó, ó gbé àpótí, ó tún dúró.

"Kéèkì yẹn ńkọ́?"

Mo ní ẹ má bínú, sà, a ti pín in jẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dé nìyẹn.